Èmi Ni Wọ́n Fa Ìyá Mi Lé Lọ́wọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, èmi àti ìyá mi wọ ilé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó. Mo mọ wákàtí náà nítorí pé rédíò bàbá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn aago mẹ́rin ni. Ọmọ ọdún méje ni mí, ìyá mi sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ ṣírò ó fúnra yín, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má tijú.

Ó wá bẹ bàbá rẹ̀ pé kó bá òun dé Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti parí iṣẹ́ aránṣọ tó ń kọ́ nítòsí Ọjà Ọba, ó sì fẹ́ gba frídọ̀ọ̀mù. Nínú ẹgbẹ́ aránṣọ tiwọn, òbí ni ọ̀gá máa ń fa ọmọ iṣẹ́ lé lọ́wọ́ padà, tòun ti sísọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí ẹni tó gbà á, kò sí ìwé ẹ̀rí. Bí kò bá sì sí ìwé ẹ̀rí, kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá síbi iṣẹ́ náà, ìyá rẹ̀ sì ti kú.

Bàbá àgbà ò tilẹ̀ wo ojú wa.

"Nígbà tí o ń lọ gboyún, ta lo mú dání? Ẹni yẹn náà ni kó o mú lọ."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní Àkúrẹ́, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gbé sísọ́ọ̀sì sókè, ó ní, "Òbí dà?"

Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹni tó kánjú bímọ, kó kánjú wá òbí náà!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi fà mí síwájú. "Ẹbí mi rèé, mà."

"Ọmọdé yìí? Má fi wá ṣẹ̀sín o."

"Ṣebí òun ló wá, mà. Ọmọ tí gbogbo yín ní ó ba ayé mi jẹ́ ló dúró tì mí lónìí. Ẹ fà mí lé e lọ́wọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò ní dìde."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ kó lè kàn wọ́n. Nígbà tó yá, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. "Màmá àgbà, ṣé ẹ máa lè gbé sísọ́ọ̀sì yìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wúwo. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Wọ́n máa ń sọ pé ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìṣẹ́. Mo ti jáde yunifásítì báyìí, mo sì ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tìbú-tòró. Apá kan rẹ̀ tọ́: òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun ṣàṣìṣe, kò sì di ẹ̀bi náà ru ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́ ti wà nílé bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ẹni méjì ló sì bí mi. Wọ́n lé ọ̀kan kúrò nílé ìwé. Èkejì, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe sọ, parí ìwé tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mi ò bá a pàdé rí, mi ò ní fi kún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pín ẹ̀bi, ẹ pín in dọ́gba, tàbí kí ẹ panu mọ́.

Ayé ti yí díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ilé ìwé kan ti ń gba ọmọbìnrin tó bá lóyún padà; mi ò tíì rí ọ̀kan, mi ò lè jẹ́rìí sí i. Èyí tí mo rí nìyí. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lóyún wá sí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi láti Ọ̀bà-Ilé, pé kó kọ́ ọ níṣẹ́. Ìyá mi gbà. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tẹ̀ lé e wá, sà. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ńkọ́? Ẹ ní kó wá lọ́la. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, kó tó di aago mẹ́wàá, ọmọkùnrin náà dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Bóyá ó máa bá a dé òpin, mi ò mọ̀. Ìyá mi fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà fún un. Ó jókòó.