Kọ̀ǹpútà Kìíní Ni Àgbà

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù Ìyá Dúpẹ́ ní Ajangbadi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Àtàndá ọkọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ó ṣe mọ́ọ̀dù kan, ìyẹn àfikún tó fi kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa sínú géèmù. Ó wá fi ojú ara rẹ̀ sí ti aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà, ìyẹn gólì.

Bí mọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà méjì ò bá dọ́gba, àwọn oníbàárà ò ní lè bára wọn gbá bọ́ọ̀lù. Àtàndá wá fún ìyàwó rẹ̀ lófin: "Kọ̀ǹpútà kìíní ni àgbà. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀ ni kó o máa kọ́pì sínú àwọn yòókù."

Àtàndá kú, obìnrin yìí ò rú òfin náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà àgbà bàjẹ́. Ẹni tó tún un ṣe nu inú rẹ̀ nù, ó fi géèmù tuntun tí kò ní mọ́ọ̀dù Àtàndá síbẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ gbé fíláàṣì, ó kọ́pì ti àgbà lé ti àwọn mẹ́ta yòókù lórí.

Inú bí mi, mo pariwo: "Ìyá Dúpẹ́, kí lẹ ṣe yìí? Ta ló ń tẹ̀lé àgbà tí ò rántí nǹkan kan mọ́?"

Èmi tí mò ń ṣe ẹ̀dà fún gbogbo ayé, mi ò ní ẹ̀dà mọ́ọ̀dù náà kan láti fún un. Ìyá Dúpẹ́ ń ṣí géèmù inú àwọn kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dọ́gba. Ẹlòmíràn ló ń ṣọ́lé nínú gbogbo wọn.