Tíṣà Tó Ń Gbèjà Ìwé Kejì

Ẹ̀ṣẹ́ ni tíṣà wa ní àdúgbò Kinkinau fi máa ń lu tábìlì bí a bá ní ìwé kejì ló ń súni jù nínú ìtàn onídán alápá mẹ́ta. "Ibẹ̀ ni ìyà wà," wọ́n á ní. "Ẹ̀yin ẹ kàn ń sáré lọ bá ìkẹta, níbi tí kálukú ti padà sílé."

Nígbà tí ìjà ẹ̀sìn dé, àwọn jàǹdùkú sun ilé tíṣà, wọ́n sì ṣá wọn ládàá léjìká ọ̀tún. Ìwé kejì nìkan ni tíṣà gbé sá wá bá wa ní àdúgbò tiwa tí wọ́n ń pè ní Television, tòun ti ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí ìlú rọ̀, mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ n bá yín wá ìkẹta."

Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi lu tábìlì wa. "Ta lo rí tó ti padà sí Kinkinau?"