Ẹ̀rọ Tó Ń Di Afẹ́fẹ́

Òórùn bisikíìtì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa láàárọ̀ kí a tó dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti apá Ring Road, gbogbo àdúgbò Challenge á máa ta sánsán bọ́tà àti ṣúgà, àwọn èrò inú takisí á sì máa fa imú. Àárín àwọn ọdún 1980 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ti kó ẹ̀rọ tuntun kan dé láti òkè òkun, èyí tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá, kọ̀ǹpútà kékeré kan ló sì ń darí rẹ̀. Èmi àti obìnrin ẹnjiníà kan tó ń ti Bódìjà wá ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, orin kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní ojú tó ń rí bisikíìtì bó ṣe ń kọjá. Bó bá ti rí i, àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fi wáyà gígùn kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì ní kí ọ̀bẹ dúró títí bisikíìtì á fi kọjá, kó tó gé ọ̀rá. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé bisikíìtì sí méjì, tí ẹ̀rọ sì ń di afẹ́fẹ́ lásán sínú ọ̀rá, tó ń rọra tò ó bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gidi. Àwọn ìyá tó ń kó o sínú páálí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Máníjà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí kò bá sí àtúnṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn á tú u palẹ̀, àwọn á sì dá a padà. Àwa méjèèjì mọ̀ pé bó bá lọ, iṣẹ́ wa bá a lọ nìyẹn.

A nu ojú náà, a tilẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀, pàbó ló já sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jókòó ti ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, à ń kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ni orin bá dákẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí pé, "Bí ìròyìn ò bá dé látọ̀dọ̀ àpótí yẹn rárá ńkọ́, kí ni kọ̀ǹpútà máa rò?"

Mo ní, "Á rò pé kò sí bisikíìtì níbẹ̀ ni, á sì ní kí ọ̀bẹ gé."

"Ìyẹn ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ní rárá àti ẹni tí ohùn rẹ̀ ò dé."

Bí a ṣe kọ ìlà tuntun kún ètò náà nìyẹn: bisikíìtì ì báà wà, kó má sì wà, kí àpótí máa kí kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo, bí kọ̀ǹpútà ò bá gbọ́ ìkíni, kó dá ẹ̀rọ dúró, kó sì tan iná pupa.

A tan ẹ̀rọ, ó ń lọ geere. Bí wọ́n ṣe tan fáànù ńlá tó wà nídìí ààrò báyìí, ẹ̀rọ dúró gbagidi, iná pupa tàn. Ni àwa méjèèjì bá dì mọ́ra, à ń fò sókè. Máníjà sáré jáde, wọ́n bi wá pé ta ló ń jó nídìí ẹ̀rọ tó kú.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Kò kú, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún ni."

A tọ wáyà gígùn náà lọ, a sì bá a níbi tó ti sùn ti wáyà iná fáànù. Bí fáànù bá ti ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ á da ìròyìn inú wáyà kejì rú. A gbé e gba ọ̀nà mìíràn, iná pupa kú, odindi bisikíìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Máníjà fúnra wọn já ọ̀rá kan, wọ́n jẹ nínú rẹ̀ lórí ìdúró, wọ́n sì pín ìyókù fún wa. Orin tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá ń gbè é.

Mo ti wà nídìí ẹ̀rọ tó tóbi jù ú lọ láti ìgbà náà, mo sì ti gba ìyìn lórí àwọn tí kì í dúró. Síbẹ̀, bí mo bá ń rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni tèmi, ọ̀sán tí ẹ̀rọ dúró yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, tí àwa ọ̀dọ́ méjì ń jó, torí pé ẹ̀rọ náà ti lè pè wá nígbà tí nǹkan ń ṣe é.