Wáyà Aláwọ̀ Ewé Tó Wà Lára Agbọ̀n Ìyá Mi

Ìyá mi a máa ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi, ńṣe ni mo máa ń gbé e mu. Èmi ni mo ń tan iná fún àwọn obìnrin ìjọ wa ní Kétu bí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré ọdọọdún wọn.

Lọ́dún náà, a ra àpótí kan láti Nàìjíríà, lódìkejì bọ́dà, èyí tí a fi ń dín iná orí ìtàgé kù tàbí kí a fi kún un. Fíìsì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ tiwọn, èyí tí a ń kì bọ ojú iná lára ògiri, ló wà nídìí rẹ̀. Ihò róbótó méjì ni ojú iná tiwa ní. Mo ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe níbí: mo gé fíìsì náà, mo ra ẹlẹ́sẹ̀ méjì olówó pọ́ọ́kú. Mo ra wáyà mẹ́ta láti fi mú okùn iná rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ìkẹta, aláwọ̀ ewé, kò ríbi wọ̀. Iná kúkú ń tàn láìsí i. Ìyá mi ń wá ohun tí yóò fi di etí agbọ̀n tó fẹ́ gbé nínú eré. Mo na wáyà náà sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ eré, ọ̀kan nínú iná mẹ́ta orí ìtàgé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí òpó irin, ń ṣẹ́jú. Mo ṣe bí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe máa ń ṣe: mo yọ iná náà, mo kì í bọ ihò mìíràn lára àpótí. Bí àìsàn bá bá iná lọ, iná ló ń ṣe; bó bá dúró, àpótí ni. Ó bá iná lọ. Mo wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òpó irin rẹ̀, nítorí ọ̀gá mi ní àtẹ́lẹwọ́ a máa di iná mú. Iná gbé mi jìgì dé èjìká.

Mo wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin ti wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku pupa má baà sọ. Òpó yẹn gan-an ni ìyá mi máa ń fara tì bó bá ń sunkún nínú eré, láìwọ bàtà. Ó ti ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n.

"Ìyá mi, ẹ má kàn án!"

"Kí ló dé? Ṣé kúràǹ lọ ni, ṣé iná ti kú?"

"Kúràǹ wà. Ibi tí kò yẹ kó wà ló wà."

Mo fa fíìsì yọ. Nígbà tí mo tú iná náà, wáyà inú rẹ̀ ti bó, ó ń kan irin. Wáyà kẹta ni ìbá gbé kúràǹ náà wọlẹ̀ dípò kó gba ara ènìyàn kọjá. Irin kékeré kan tilẹ̀ wà lójú iná gbọ̀ngàn tí a ti ń ṣeré, tó ń dúró dè é. Mi ò bi ara mi rí pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú wáyà etí agbọ̀n yẹn."

Ó fi eyín tú u. "Ó wúlò, o sì fún mi?"

Mo gba wáyà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sáré ra fíìsì tó ní àyè fún un, mo so ó mọ́ ọn, mo yọ iná tó ń ṣàìsàn kúrò, mo fẹ̀yìn ọwọ́ kan gbogbo òpó lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí nǹkan kan.

Iná méjì la fi ṣeré. Ìyá mi sunkún, ó fara ti òpó bó ṣe máa ń ṣe, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi lóṣòó sídìí ojú iná, mo di fíìsì mú, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú eré náà.