Orúkọ Tí Ìyá Mi Pè Létí Omi

Ìbéèrè ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀ nílé wa n'Ìkirè. Nígbà tí bàbá mi kó wa lọ wo omi tí wọ́n sé ní Aṣèjírè, mo bi wọ́n léèrè ibi tí omi náà ti ń bọ̀ títí ọ̀rọ̀ mi fi sú wọn. Wọ́n ní láti òkè ni. Mo ní òkè wo. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, àwọn á mú mi dé ibi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, kí n lọ bi omi fúnra rẹ̀. Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n èmi kò gbà á bẹ́ẹ̀. Mi ò jẹ́ kí wọ́n sinmi títí ọdún Iléyá fi dé.

Ìkirè ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Bàbá mi ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun ògbólógbòó kan tó fẹ́ràn omi ju bẹntiróò lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì la gbé sẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ọdún. Ìyá mi din dòdò, wọ́n fi ewé pọ́n ọn, wọ́n pọn àbúrò mi, ó di ọ̀nà.

Àpòmù la kọ́kọ́ yà, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, láti mú àbígbẹ̀yìn wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, èmi ń lọ sí méje. Àbúrò bàbá mi ni, nítorí náà Àǹtí ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a jọ ń jà nítorí ẹran ni. Ó ti ń rá kòrò nílé kí wọ́n tó gbé ìyá mi wọlé, ìyàwó kì í sì í pe orúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Eyínfúnjowó ni ìyá mi ń pè é, nítorí ẹ̀rín rẹ̀. Òun náà á máa pe ìyá mi ní ìyàwó mi, á tún máa rán wọn níṣẹ́ nígbà mìíràn, ìyá mi á sì jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ìyá bàbá mi kò fẹ́ kó lọ. Ọjọ́ ogbó ni wọ́n bí i, wọn kì í fẹ́ kó kúrò lójú wọn. Wọ́n wo ìyá mi, wọ́n ní, “Ìyàwó, ìwọ ni mo fi ọmọ yìí lé lọ́wọ́ o. N ò fi lé ọkọ ẹ.”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Màmá, bí mo ṣe mú wọn lọ ni n ó ṣe mú wọn bọ̀.”

Nílé-Ifẹ̀, a yà wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Òkúta gígùn ni, ó dúró gbagidi, ó ga ju òrùlé ilé wa lọ, wọ́n sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Mo bi bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pé ta ló kàn án, irú òòlù wo ló lò, kí ló dé tí òkúta náà kò fọ́. Wọ́n ní àwọn baba ńlá wa ni. Bàbá mi ní Ọlọ́run ló mọ̀. Mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ìbéèrè mi tó bá le, Ọlọ́run ni bàbá mi máa ń taari rẹ̀ sí. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣó náà, ó ṣì í kà, ó tún un bẹ̀rẹ̀, títí wọ́n fi fà wá padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí a dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, èéfín ti ń yọ lórí ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi ní ká máa gòkè lọ, àwọn fẹ́ bu omi sí i kí àwọn sì kírun Àílà. Ìyá mi pọn àbúrò mi gbọnyin. “Ẹ di ọwọ́ ara yín mú,” ni wọ́n sọ fún èmi àti Àǹtí.

A ti ń gbọ́ ariwo omi náà kí a tó rí i. Nígbà tí a rí i, ẹnu mi là. Omi funfun ń dà bọ̀ láti òkè réré, òtútù rẹ̀ sì ń ta sí wa lójú. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ẹ̀yìn omi náà. Mo rí i pé àyè wà láàárín omi àti àpáta, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn lè kọjá níbẹ̀, kí ó lọ wo ibi tó ti ń bọ̀. Èmi ni mo jọ̀wọ́ ọwọ́ Àǹtí. Kò sẹ́ni tó já a gbà lọ́wọ́ mi. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú, nígbà tí mo sì wẹ̀yìn, n kò rí i mọ́.

Ìyá mi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wo inú omi. Ojú wọn yí padà. Wọ́n bá lọgun, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n pè, èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n sì pe orúkọ bàbá ọkọ wọn mọ́ ọn. Ẹ̀rù tó bà mí lórí orúkọ yẹn ju ti omi lọ. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tí olùkọ́ wọn kó wá wo omi náà bá wa gbé orúkọ náà. Gbogbo àpáta ń dún orúkọ Àǹtí. Ọkùnrin méjì wọ inú omi, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá a. Ìyá mi ti ń sunkún, wọ́n ṣì ń pe orúkọ náà, àbúrò mi ń ké lẹ́yìn wọn.

Èmi ni mo rí sálúbàtà rẹ̀ lẹ́yìn àpáta ńlá kan, kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ sí ibi tí a wà. Àǹtí lóṣòó síbẹ̀, ó dijú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìgbọ̀nsẹ̀ ló lọ ṣe, ojú sì ń tì í láti sọ fún wa.

Ìyá mi gbá a mọ́ra. Wọ́n bi í pé ṣé kò gbọ́ ni.

“Mo gbọ́,” ni ó wí. “Màmá ní tí n bá gbọ́ orúkọ mi létí omi, tí n ò rí ẹni tó ń pè mí, n ò gbọdọ̀ dáhùn. Ohùn ẹ ni, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í pe orúkọ mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí àpáta tútù níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ. “Má bínú, ọkọ mi,” ni wọ́n ń sọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wò wá.

Kò tíì di Mọ̀gàríbì tí a fi padà dé Àpòmù. Ìyá bàbá mi ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. A kò tíì jókòó tí Àǹtí fi ní, “Màmá, ìyàwó mi pe orúkọ mi. Ó pe ti Bàbá náà mọ́ ọn.”

Ọwọ́ ìyá bàbá mi dúró lórí ẹ̀gúsí. Ìyá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo jọ̀wọ́ ọwọ́ Àǹtí, ṣùgbọ́n ìyá mi fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ojú tì mí, mo sì dákẹ́.

“Kí lo rí tóo fi pè é?” ni ìyá bàbá mi béèrè.

“N ò rí wọn ni, mà. Omi ni mo rí.”

Ìyá bàbá mi gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ wọn. “Dìde. Ẹ̀rù ọmọ yìí bà ọ́ bó ṣe máa ba èmi. Láti òní lọ, máa pe orúkọ ẹ̀. Èmi ni mo ní kóo máa pè é.”

Ìyá mi dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò pè é. Ọdún ń gorí ọdún, Ìkirè di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Eyínfúnjowó náà la ṣì ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí a ṣe yìgì Àǹtí, tí wọ́n ń gbé e lọ sílé ọkọ tirẹ̀, mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí wọn kò fi lo àṣẹ tí ìyá ọkọ wọn fún wọn.

Wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń gbé e lọ. “Ìgbà kan ṣoṣo tí mo pe orúkọ yẹn,” ni wọ́n wí, “kò dá mi lóhùn.”