Ọjọ́ Ètùtù Tó Di Ọjọ́ Ìtura

Òórùn àgbò ló kọ́kọ́ pàdé mi lórí àtẹ̀gùn basement alàgbà ìjọ wa ní Taradale, ní Calgary. Ó borí òórùn ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù, ó borí ti kápẹ́ẹ̀tì. Ìwo tuntun tí alàgbà rà láti Jerúsálẹ́mù ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n yin ìwo náà bó ti yẹ: ìwo gígùn, ìwo dídán, ìwo tó lọ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá ìbò, ìwo tó wọ Kánádà láìbéèrè físà, nígbà tí wọ́n ti fi físà du ìyá ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀mejì. Alàgbà gbé e sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ohun tó sì jáde dà bí igbe ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há nírù. Ọmọ rẹ̀ kékeré di imú, ó ní, “Daddy, it stinks.” Àwa tó kù ní, “Àmín!”

Ìwọ náà rántí ìgbà yẹn. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, àwọn ilé gíga downtown sì ń ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá pàdé nínú train, a kì í béèrè àlàáfíà mọ́, “Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?” ni ìkíni wa. Alàgbà ti gbọ́ lẹ́nu oníwàásù kan pé àwọn Júù máa ń fun ìwo lọ́dún tuntun wọn, nígbà tí ewé bá ń wọ́, ó sì dá a lójú pé ẹni tó bá fun ún, wọn ò ní lé e níṣẹ́.

Òun náà ni ọ̀gá èmi àti ọ̀rẹ́ mi níléeṣẹ́ epo. Kí ìwo tó dé, ó ti fọwọ́ sí páìpù tí kò bá iṣẹ́ mu. Nígbà tí àwọn òyìnbó ọ̀gá àgbà béèrè nínú yàrá ìpàdé, ó ní ọ̀rẹ́ mi ló ṣe é. Mo wà nínú yàrá náà. Ojú fèrèsé ni mo ń wò. Wọ́n lé ọ̀rẹ́ mi lọ. Alàgbà tún wá ìyàwó ọ̀rẹ́ mi lọ, ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ bá wa bá a sọ̀rọ̀. Kì í fọkàn síṣẹ́.” Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, ó sì ti ríṣẹ́ sí Ontario. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun yóò kó àwọn ọmọ lọ, kí ó dúró sí Calgary títí orí rẹ̀ yóò fi pé. Gbólóhùn kan péré ni ọ̀rẹ́ mi ń wá láyé: kí alàgbà sọ lójú ìyàwó rẹ̀ pé, “Èmi ni mo ṣe é.”

Obìnrin Júù kan wà tí tábìlì rẹ̀ kángun sí tèmi níbi iṣẹ́. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìwo, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ire ni wọ́n ń fi pè. Igbe ìjíni ni: dìde, wo ohun tí o ti ṣe. Lẹ́yìn ìwo, ọjọ́ ètùtù ń bọ̀, ọjọ́ ààwẹ̀. Ọlọ́run lè dárí ohun tí o ṣe sí Ọlọ́run jì ọ́, ṣùgbọ́n èyí tí o ṣe sí ọmọlàkejì rẹ, kò sí ààwẹ̀ tó lè pa á rẹ́ àfi kí o kọ́kọ́ lọ bá a, kí o sì dárúkọ ohun náà. “Ọdọọdún ni mo ń pe àbúrò mi,” ó ní. “A máa ń bẹ ara wa, a sì máa ń dá ìjà tuntun sílẹ̀ kí a tó pa fóònù.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún alàgbà. Inú rẹ̀ dùn, nítorí kò sí ìjọ Yorùbá mìíràn ní Calgary tó tíì ṣe irú rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi náà, ojú rẹ̀ sì là bíi tẹni tó gba PR, ìwé ìgbélùú. Ṣùgbọ́n nígbà tí alàgbà kéde Ọjọ́ Ètùtù, ìyá ìjọ fò dìde.

“Ètùtù kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kí n fò kọjá òkun, kí n wá máa rú ètùtù ní Taradale?”

“Màmá, ó wà nínú Bíbélì o,” ni ẹnì kan wí.

“Kó máa wà níbẹ̀. Kó má délé mi.”

Wọ́n jà títí, wọ́n sì parí rẹ̀ síbi tó dùn mọ́ gbogbo wa: Ọjọ́ Ìtura. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tan díẹ̀, o mọ̀. Ètùtù ni kí o tu ẹlòmíràn lójú. Ìtura ni kí ara tu ìwọ.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀rẹ́ mi wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ títí ó fi ń dán. Ìyàwó rẹ̀ wọ aṣọ iṣẹ́ wá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé báàgì lé itan. Alàgbà fun ìwo, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni bá wà níhìn-ín, bí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́, kó má bínú.”

Ọ̀rẹ́ mi dìde. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọ̀rọ̀ páìpù yẹn...”

“Àbúrò mi,” alàgbà rẹ́rìn-ín, “mo ní bí mo bá ṣẹ̀ ọ́. Ṣé n kò tíì bẹ̀ ọ́ ni? Àbí o fẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀?”

Ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá ìjọ ní, “Àgbà ti bẹ̀bẹ̀, kí lo tún ń wá? Oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn. Dúpẹ́!”

Ọ̀rẹ́ mi wojú mi. Mo wo abọ́ ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó ń dúpẹ́, alàgbà sì gbé ọwọ́ lé e lórí pé ìtura á dé. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi wò ó nílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni ń wo aṣọ tí kò ní kó sínú ẹrù. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò pẹ́ tó fi kó àwọn ọmọ lọ.

Àwọn Júù ṣì ní àjọ kan lẹ́yìn ìyẹn, àjọ àgọ́. Obìnrin ibi iṣẹ́ mi pè mí wá jẹun nínú àgọ́ tí ó fi pákó àti ẹ̀ka igi ṣe sẹ́yìnkùlé. Òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lójú tí a ó fi máa rí ọ̀run, snow sì ń bọ́ sínú ọbẹ̀ wa. Ó ní wọ́n ń fi ilé sílẹ̀ kí wọ́n lè rántí pé ilé náà kì í ṣe ààbò. Mo rò pé ìdajì àdúgbò Auburn Bay, tí wọn ò rówó ilé san mọ́, ti mọ ìyẹn lọ́dún náà láìpàgọ́. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún alàgbà, ó ní, “Nínú snow? Ọlọ́run mọ ọkàn wa.” Kí ọdún tó parí, wọ́n lé òun náà níṣẹ́.

Mo ti sọ ìtàn yìí nídìí oúnjẹ púpọ̀, mo sì mọ ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ “bí” kéré púpọ̀ lẹ́nu wa, síbẹ̀ àgbàlagbà odindi lè sá sábẹ́ rẹ̀ kí ìrù rẹ̀ má yọ. Ohun tí n kì í sọ ni pé, nínú àgọ́ náà, obìnrin yẹn bi mí pé ta ni mo pè láti bẹ̀ lọ́dún yìí. Ojú tì mí. Mo jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo pe ọ̀rẹ́ mi. Kò sí ariwo ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀rẹ́ mi, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú.”

Ó ní kò sí wàhálà.

Mo wà nínú yàrá yẹn. Mo mọ ohun tí mo ṣe. “Bí” ni èmi náà sọ.