Tíṣà Ọládòṣù àti Nọ́ńbà Tó Kọ Ìpín

Ní Erúnmu, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Ọládòṣù, ọ̀rọ̀ adìyẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, fẹ́ràn nọ́ńbà kan ju oúnjẹ lọ: 9973, ẹgbàárùn-ún ó dín mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní kò ṣeé pín lọ́gbọọgba láé, àfi kí ẹnì kan ṣoṣo kó gbogbo ẹ̀, tàbí kí kálukú mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹni tó bá rí i pín, kó wá fa àgbò Iléyá mi lọ!"

Roheem alápatà rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, èmi tí mò ń pín màlúù? Kí ni ọwọ́ mi ò pín rí?"

Bí wọ́n ṣe ka hóró àgbàdo gbígbẹ sílẹ̀ nìyẹn, tí ojú gbogbo àdúgbò fi ṣe bàìbàì. Roheem pín in sí òkìtì méjì, hóró kan ṣẹ́ kù. Ó pín in sí mẹ́ta, hóró kan ṣẹ́ kù. Mẹ́rin, hóró kan náà ni. Tíṣà ti ń jó nígbà tí adìyẹ Ìyá Kifayah, ìyàwó Tíṣà, yọ́ wọlé, ó sì ṣa hóró yẹn jẹ.

"Ó ti pín!" Roheem di okùn àgbò mú.

"Kò pín o! Ó wà nínú adìyẹ!"

Roheem fúnra ẹ̀ ló dúńbú adìyẹ náà. Hóró mẹ́ta ni wọ́n bá lọ́fun ẹ̀. Roheem ní kí wọ́n da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn, kó lè pín sí mẹ́ta, Tíṣà yarí: "Ọ̀kan péré ni tiwa! Àlejò ni méjì yòókù!"

Ìyá Kifayah káwọ́ lẹ́rán. "Àgbò yín yè, adìyẹ mi kú. Tíṣà, ṣé òun ṣeé pín?"

Lóko náà, igba ebè ni gbogbo ayé ń gbé fún alágbàṣe. Tíṣà ní ọ̀kàndínnígba làwọn ń fẹ́, torí òun náà kọ ìpín. Jìmí àti Akínwándé, àwọn alágbàṣe, kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ebè kan wá ṣẹ́ kù.

"Tìẹ ni."

"Tèmi kẹ̀? Tìẹ ni!"

Oòrùn wọ̀ lé wọn lórí. Tíṣà fúnra wọn ló gba ọkọ́, tí wọ́n fi orin kọ ebè náà bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Lọ́dún 1996, àìsàn dá Tíṣà dùbúlẹ̀, a rò pé ó ti parí. Tíṣà kọ̀. Kí wọ́n kú lọ́dún tó ṣeé pín sí méjì? Wọ́n dúró di 1997, ọdún tó kọ ìpín, kí wọ́n tó gbà fún ọlọ́jọ́.

Níbi fìdáù, Roheem ló pín àkàrà sàárà. Ó kárí, méjì-méjì, ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Roheem rọra gbé e sórí àga Tíṣà. Ibi tí a ti ń wò ó ni adìyẹ kan ti fò sókè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á jẹ. Roheem nawọ́ láti lé e.

"Fi í sílẹ̀," Ìyá Kifayah wí. "Tíṣà jẹ ìdílé adìyẹ yẹn ní gbèsè."

A bú sẹ́rìn-ín. Àkàrà tán, adìyẹ lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.